Ẹ̀kúnwọ́ Ẹ̀gúsí Lọ́jọ́ Tí Bàbá Mi Dán Ẹ̀tù Tuntun Wò

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé tí n kò tíì lè ru korobá omi tó kún dé ẹnu, abúlé oko kan lẹ́yìn Ìmórù ni à ń gbé, ọdẹ sì ni bàbá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè rò pé ẹran ìgbẹ́ ni ọdẹ ń bẹ̀rù jù. Rárá o, ẹ̀tù ìbọn ni. Ẹran a máa sá fún ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀tù tí ènìyàn kò mọ ìwà rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ni yóò gbé e sí.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo ni bàbá mi ti máa ń ra ẹ̀tù. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, tóun náà jẹ́ ọdẹ, gbé ẹ̀tù mìíràn bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ nínú agolo mílíìkì. Kò jọ ti àtijọ́. Hóró ti àtijọ́ tóbi bí iyanrìn odò. Èyí kúnná bí èédú tí a lọ̀ lórí ọlọ. Ìyá mi fi ìka méjì ra á wò, ó ní ọ̀rinrin wà lára rẹ̀. Bàbá mi ní kò sí ọ̀rinrin kankan. Láti ìgbà náà ni ọkàn ìyá mi kò ti balẹ̀ mọ́. Bó bá ń gbálẹ̀, yóò ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, yóò tún lọ ṣí agolo yẹn wò. Oyún àbúrò mi sì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, oṣù keje.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ní gbé ẹ̀tù yìí sí èjìká dán an wò o."

"Níbo ni kí n gbé e sí, ìyá wọn? Orí yín ni?"

"Ẹ so ìbọn mọ́ igi."

Ọ̀rẹ́ bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó wa ní ká so ìbọn bí ewúrẹ́! Ẹ bá wa já ewé fún un kó máa jẹ."

Bàbá mi kórìíra kí wọ́n fi òun ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó gbé níyàwó. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ìrì gbẹ, a lọ sí ẹ̀yìn oko kòkó. Ó ki ìbọn, ó dè é mọ́ igi obì kan, ó kọ ojú rẹ̀ sí òkìtì ọ̀gán, ó sì so okùn gígùn mọ́ ibi tí a ń fà. Lẹ́yìn igi ìrókò ńlá la dúró sí. Mo ka ìṣísẹ̀ tó wà láàárín: méjìlélógún. Ìyá mi gbé igbá ẹ̀gúsí tí kò tíì bó dání. Mo rò pé kò fẹ́ jókòó lásán ni.

Bàbá mi fa okùn. A gbọ́ "kẹ́". Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ẹyẹ.

"Ẹ̀tù ti kú," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. Bàbá mi ti gbé ẹsẹ̀ kan. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló lọ síbi ìbọn náà, ẹ̀gún lọ́tùn-ún, ẹ̀gún lósì. Kíá ni ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì dí ọ̀nà náà pa.

"Ẹ jẹ́ kí n bó ẹ̀kúnwọ́ kan tán ná."

"Ẹ̀gúsí kẹ̀? Níbí?"

"Ẹ̀kúnwọ́ kan péré."

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ lè má mọ̀ ọ́n: ẹnikẹ́ni kì í dá ẹsẹ̀ aboyún kọjá. Wọ́n ní ọmọ inú rẹ̀ yóò jọ onítọ̀hún. Bàbá mi dúró, ó ń jánu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kí òun kúkú lọ wo ìbọn náà. Ìyá mi kò gbójú sókè.

"Ẹ dá a kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ọmọ ọlọ́mọ o. Ṣé etí ńlá yín yìí lẹ fẹ́ kó gbé wáyé?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Mo ń kà á bí ìyá mi ti ń bó o. Ẹyọ kọkànlélógún wà láàárín ìka rẹ̀ nígbà tí ìbọn dún gbòà! Ó já okùn, ó bó èèpo igi obì, ó sì ṣubú sí ojú ọ̀nà. Ihò ti wà lára òkìtì ọ̀gán.

Ìyá mi bó èyí tó kù, nítorí ẹ̀kúnwọ́ kan ló wí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gba ọwọ́ bàbá mi méjèèjì, ó sì ń ka ìka rẹ̀ bí ẹni ń ka ìka ọmọ tuntun. Ìṣojú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti wà láti òwúrọ̀. Síbẹ̀, ó kà á.

Ayé ti yí padà. Ọ̀wọ̀ ni mò ń gbé báyìí, àbígbẹ̀yìn mi sì wà lára àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ oko lápá Ọ̀sẹ́. Ìbọn bàbá mi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rí ẹ̀tù tuntun, ó ní àwọn fẹ́ dán an wò. Mo di ẹ̀gúsí sínú àpò rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ọbẹ̀ la fẹ́ lọ sè nínú igbó?" Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó, tí mò ń dìde, tí mò ń wo fóònù. Nígbà tó pè, ó ní, "Mo fa okùn, kò dún."

"Ẹ̀gúsí dà?"

"Ó wà nínú àpò."

"Bó o sí mi létí."

Ìyá mi ní ẹsẹ̀ tó lè nà dí ọ̀nà. Tèmi kò lè dé Ọ̀sẹ́. Ohùn nìkan ni mo ní. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì gbọ́ èèpo ẹ̀gúsí tó ń ya, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Màmá, ó ti pé. Kò tíì dún. Ṣé kí n lọ wò ó?"

Mo ní, "Bó ẹ̀kúnwọ́ mìíràn."

Ìbọn náà kò dún títí wọ́n fi da omi sí i. Nígbà tí ọmọ mi wọlé nírọ̀lẹ́, ó na ẹ̀gúsí tó bó sí mi. N kò tètè gbà á. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kà.