Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Wọ Aṣọ Eléré

Èmi ni mo mú ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

Ifọ̀ ni mo ti ń ṣe tíṣà nígbà náà, nígbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé, ti sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Bàbá arúgbó kan tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré tíátà ń gbé lẹ́bàá ojú irin. Nígbà tí wọn ò rówó rìnrìn àjò ṣeré mọ́, ó ń ṣí ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé fún àwọn tó fẹ́ràn eré. Ẹ ó wọ aṣọ èyí tó bá wù yín nínú àwọn òṣèré, wọn á kun yín lójú, ẹ ó gun orí pákó tí wọ́n ti ń ṣeré, ayàwòrán á sì ya yín ní fótò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ràn eré ju oúnjẹ lọ. Nílé wa lápá Ọ̀ṣun, tó bá ti wo eré lẹ́ẹ̀kan, á ṣe gbogbo rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ kejì, a ó máa rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run wá. Lẹ́yìn tó fẹ́ wẹ́dà kan tó ń jó irin ní Mowé, gbogbo ìyẹn dópin. Ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀ ò fẹ́ tíátà rárá. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, oyún méjì ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára.

Ó wá kí mi ní Sátidé kan, mo ní ká lọ.

Ó ní, "Ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ sọ fún un?"

Nígbà tá a débẹ̀, ẹlòmíì ti wọ aṣọ olorì tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́. Mo fa aṣọ funfun kan yọ tí wọ́n to owó ẹyọ sí létí.

"Aṣọ abọrìṣà lèyí," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Àǹtí mi, ṣebí eré ni."

Bí mo ṣe ń so aṣọ náà mọ́ ọn, ó di ọwọ́ mi mú. "Rọra so ó. Oyún wà nínú mi, ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta." Mo fẹ́ pariwo, ó fọwọ́ bò mí lẹ́nu. Kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí oṣù tí àwọn oyún ti tẹ́lẹ̀ bàjẹ́ kọjá ná.

Ìgbà tó gun orí pákó, kò dúró fún fótò lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí abọrìṣà inú eré kan tó ti wò nígbà tó wà ní ọmọge, ohùn rẹ̀ sì yí padà pátápátá. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá arúgbó náà dìde lórí àga, ó ní, "Ìyàwó, ibo lo wà látọjọ́ yìí?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún, omijé sì ba ẹfun ojú rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo gba fótò náà, mo sì gbé e lọ sí Mowé. Ẹ̀gbọ́n mi ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Ọkọ rẹ̀ ló pàdé mi ní pálọ̀, ó bi mí pé kí ló wà nínú àpò ìwé ọwọ́ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò fìgbà kan pariwo mọ́ mi rí. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Mo fi hàn án.

"Ta nìyí?"

"Àǹtí mi ni. Ẹ wò ó, Bọ̀dá, eré la lọ ṣe."

Ó wò ó pẹ́. "Ohun tó ń jẹ àwọn ọmọ mi rèé."

"Bọ̀dá, aṣọ lásán ni."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì wọn, mo sì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu omi. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀ oyún náà. Ẹ̀gbọ́n mi mi orí sí mi pé rárá. Mo pa ẹnu mi dé, mo wọ mọ́tò padà sí Ifọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo padà sí Mowé, mo bá a lórí ẹní nínú yàrá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó níta, ó gbé orí lé ọwọ́. Oyún ti wálẹ̀.

"Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ kejì," ó wí. "Wọ́n ní torí oyún náà gan-an ni mi ò ṣe gbọdọ̀ já ààwẹ̀."

Mo kúnlẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Ọkọ mi á gbé mi lọ sí ọsibítù." Ó yíjú sí ara ògiri. "Ìwọ máa lọ ilé ẹ."

Ó sàn, ó sì dúró sílé ọkọ rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà títí, kò fèsì. Nígbà tó yá, ẹnu ará ilé wa kan ni mo ti gbọ́ pé ó ti bí ọmọbìnrin. Mo ra aṣọ ọmọ, mo lọ. Ó jáde sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó gba aṣọ náà, ó dúpẹ́ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n gbé e."

Ó ní, "Ó ń sùn."

Mo ń gbọ́ ọmọ náà nínú yàrá, ó ń dá sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́ ṣe máa ń ṣe. Àwa méjèèjì jọ gbọ́ ọ. Mo kí i pé ó dàbọ̀.