Ṣíà Ìkómọjáde

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Èmi ni ikú ilé. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́.

Ilé kékeré kan ní Bódìjà la ti ń ṣe àjẹsára lúkúlúkú, àrùn tó máa ń gbá adìyẹ lọ. Ọ̀gá mi, olùkọ́ yunifásítì tó wá láti Èkìtì, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Inú ẹyin la ti ń tọ́ oògùn ọ̀hún, láti ara irúgbìn kòkòrò àrùn náà tí Ọ̀gá fúnra wọn rí lára adìyẹ ìbílẹ̀. Ìyá la máa ń pe irúgbìn yẹn. Inú fíríjì ló ń gbé, bí iná bá sì ti lọ, èmi ni mo ń sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀ tí a ò rí ẹ̀rọ rà mọ́, ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan bá wa dòwò pọ̀. A ò tètè mọ̀ pé ìjọba ìlú wọn ló ni ín. Ṣíà tiwọn, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, àti ti Ọ̀gá dọ́gba. Márùn-ún péré ló kù, ọwọ́ mi ló sì wà.

Lọ́jọ́ tí mo kó àkọ́bí mi jáde ni, tí oníkálukú ń fún ọmọ lẹ́bùn. Ọ̀gá dìde, wọ́n ní, "Ọmọ wa yìí, mo fún un ní ṣíà márùn-ún." Àwọn èèyàn mi láti Ṣakí ò mọ ohun tó ń jẹ́ ṣíà, wọ́n ṣáà ṣe àmín. Ọ̀gá sì fi orúkọ mi sínú ìwé, kí n máa bá ọmọ dì í mú. Ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ kí ọmọ tuntun káàbọ̀? Ọ̀gá mi ni!

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn òyìnbó ní àwọn fẹ́ gbé Ìyá lọ sílùú àwọn. Ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀. Ni wọ́n bá pe ìpàdé láti dìbò yọ Ọ̀gá nípò; ṣíà márùn-ún ọwọ́ mi ni yóò pinnu rẹ̀.

Ọkùnrin kan láti ẹ́ńbásì wọn wá bá mi ní Agbowó. Kò dárúkọ ṣíà rárá. Ó ní ìjọba àwọn gbọ́ pé àbúrò mi kàwé ẹ̀rọ, kò níṣẹ́, pé sikọ́láṣípù wà fún un, ọ̀rọ̀ á yanjú lẹ́yìn ìpàdé. Àbí ta ló sọ fún un pé mo ní àbúrò? Injiníà ọ̀hún sì rèé, èrò ló ń pè sí mọ́tò ní Challenge.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, màámi tú gèlè, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Háà! Ẹ dìde o! Ṣé ẹ fẹ́ fi mí gégùn-ún ni?"

Wọn ò dìde. "Bí mo ṣe kúnlẹ̀ bí ọ náà ni mo kúnlẹ̀ bí àbúrò rẹ."

Inú bí mi títí mo fi sunkún.

Ọ̀gá ńkọ́? Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí bíi ti àtẹ̀yìnwá pé, "Ọmọ wa ńkọ́?" èmi náà á ní, "Ó wà, sà." Ká ní wọ́n tiẹ̀ bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan péré! Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ṣíà náà tọrẹ, bí wọ́n bá sì tún mẹ́nu kàn án, ìrègún ni. Wọ́n á kúkú pàdánù ilé-iṣẹ́ ju kí wọ́n ṣe ìrègún lọ.

Nínú ilé gogoro kan ní Dúgbẹ̀, alága ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Ọ̀gá kúrò nípò nawọ́. Àwọn òyìnbó nawọ́. Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. Mo nawọ́.

Àbúrò mi lọ. Wọ́n gbé Ìyá náà lọ, nínú kúlà oníyìnyín. Àwọn yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù.

Lẹ́nu ilẹ̀kùn ìpàdé yẹn, mo dúró de èébú. Ọ̀gá kó ìwé wọn sábíyá, wọ́n wojú mi.

"Ọmọ wa ńkọ́?"

Ọmọ ń ṣeré nílé, ṣùgbọ́n n ò lè sọ pé ó wà.