Fíìmù Tí Wèrè Kò Sí Nínú Rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá mi sọ pé àwọn ará ọ̀dọ̀ wa kò fẹ́ràn fíìmù. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ dáadáa. Èyí tí bọ̀ọ̀dá mi ṣe nìkan ni wọn kò fẹ́, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ, torí èmi ni mo rán gbogbo aṣọ tí wọ́n wọ̀ nínú rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkìrun.

Tíṣà ni bọ̀ọ̀dá mi, ní Òkukù. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Nígbà ayé ṣọ́jà yẹn, tí kálukú ń wẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀, ni wọ́n kọ ìtàn náà. Ìjòyè kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fẹ́ fi májèlé pa ẹni tó bá ta kò ó. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń rán pé kó lọ bù ú sí oúnjẹ onítọ̀hún. Ìránṣẹ́ á gbà á, á ní, "Ó ti yé mi, Bàbá." Tó bá dénú igbó, á dà á nù, á padà wá jíṣẹ́ irọ́ pé òun ti bù ú, àmọ́ májèlé kò ran onítọ̀hún. Kò sọ fún ẹnì kankan, ìyàwó ẹ̀ gan-an kò mọ̀. Ajá ìjòyè ni gbogbo ìlú ń pè é. Nígbà tó yá, ìjòyè darúgbó, ó kú sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, wọ́n sì sin ín tayọ̀tayọ̀. Ìránṣẹ́ jókòó síwájú ilé ẹ̀, obìnrin kan tí májèlé ì bá ti pa tipẹ́ ń kọjá, ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ọkùnrin náà dìde, ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Bọ̀ọ̀dá mi fúnra wọn ló ṣe ìránṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n wá wọ aṣọ ẹ̀ wò, mo bi wọ́n pé, "Ṣé bó ṣe máa parí nìyẹn?"

"Bó ṣe máa parí nìyẹn."

"Kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé èèyàn rere ni?"

"Ẹni tó ń wò ó á mọ̀."

Inísà, ìlú wa, la ti kọ́kọ́ gbé e jáde, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, lọ́sàn-án, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ bí àgbàlagbà. Àwọn èèyàn kún. Àwọn ìyá àgbà ń bá ìjòyè wí sójú tẹlifíṣọ̀n: "Wàá ya wèrè! Wàá jẹ́wọ́ lójú ọjà!" Ohun tí fíìmù ti kọ́ wa nìyẹn, pé ìkà gbọ́dọ̀ já sọ́jà níhòòhò, kó máa ka àwọn tó pa, kí gbogbo ayé gbọ́. Wọ́n ń dúró dè é. Nígbà tí wọ́n gbé òkú ìjòyè jáde, bàbá kan ní, "Ẹ ní sùúrù, inú pósí ló ti máa jẹ́wọ́."

Kò jẹ́wọ́ o. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn, gbogbo wọn ṣì jókòó. Ìgbà tó yé wọn pé ó ti tán, ẹ wá gbọ́ òṣé! Wọ́n ní a ti gé ibi tó dùn kúrò. Bọ̀ọ̀dá mi ń rẹ́rìn-ín níwájú wọn bí ẹni tí wọ́n gbá létí nílé àna. Mo ní orí gbogbo wọn kò pé.

"Má bú wọn," bọ̀ọ̀dá mi wí. "Ebi ìdájọ́ ló ń pa wọ́n."

A gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Ìkìrun. Ó wò ó tán, ó ní, "Tíṣà, ìtàn yín dára. Ẹ ṣáà fún mi ní wèrè kan péré. Kí ìjòyè jẹ́wọ́, kí ìlú dọ̀bálẹ̀ fún ìránṣẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ yín lónìí olónìí."

"Àwọn tó ń jẹ gàba lé wa lórí yìí, èwo nínú wọn lẹ rí tó ya wèrè?" bọ̀ọ̀dá mi dáhùn. "Tó bá jẹ́ pé dandan ni kí ìkà ya wèrè, kí la wá fẹ́ fi ẹ̀rí ọkàn ṣe? Ká ṣáà jókòó, ká máa dúró de wèrè náà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa gbé ẹrù wa lọ. Bí wọ́n ṣe lé wa níbi gbogbo nìyẹn. Bọ̀ọ̀dá mi sọ fún mi lọ́nà pé, "Kí wọ́n má wò ó, mo lè fara mọ́ ọn. Kí wọ́n yí ìparí ẹ̀ padà, mi ò lè fara mọ́ ọn láéláé."

Àárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú àwọn ọmọ kíláàsì wọn, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá mi, àwọn fúnra wọn sì ṣubú tẹ̀lé e. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. A gbé wọn lọ sí ọsibítù, a gbé wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn Aládùúrà. Kò sí ìyípadà.

Ojúlówó kásẹ́ẹ̀tì náà, ẹyọ kan ṣoṣo tá a ní, wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn tó fi kámẹ́rà yà á. Ọkùnrin yìí sunkún bọ̀ọ̀dá mi ju èmi lọ. Ló bá kó díẹ̀ nínú àwọn òṣèré jọ, ó ní kí ìjòyè ya wèrè lójú ọjà. Ẹlòmíì ló wọ aṣọ ìránṣẹ́ tí mo rán, ó kọ̀yìn sí kámẹ́rà, ìlú sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ọkùnrin tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Ìkìrun gbà á, ó ń tà á. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ bọ̀ọ̀dá mi yìí nílé, orí mi ń gbóná.

"Ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Àbúrò, mo fẹ́ kó rí i pé àwọn èèyàn wo fíìmù òun kó tó kú ni."

"Ìparí àtijọ́ wá ńkọ́?"

"Orí ẹ̀ náà la gba tuntun sí. Ti àtijọ́ ti pa rẹ́."

Mo jáde nílé ẹ̀, mi ò wo ẹ̀yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ọkùnrin náà gbé fíìmù náà wá sílé bọ̀ọ̀dá mi ní Òkukù. Aládùúgbò kún pálọ̀, a fi ìrọ̀rí ti bọ̀ọ̀dá mi jókòó. Nígbà tí ìjòyè bọ́ṣọ sílẹ̀ lójú ọjà, tó ń jẹ́wọ́, ilé gba àtẹ́wọ́. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́!" Mo rí i tí ọwọ́ òsì bọ̀ọ̀dá mi dìde, ó nà sí tẹlifíṣọ̀n, ohùn kan sì ń há wọn lọ́fun. Ìyàwó wọn di ọwọ́ náà mú, ó gbé e sókè.

"Wọ́n ń kí yín o! Wọ́n ní ẹ ṣé!"

Bọ̀ọ̀dá mi ń fa ọwọ́ náà gbà. Ìyàwó wọn kò fi í sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò tíì rí ẹ̀rín lẹ́nu ẹ̀ látìgbà tí àìsàn náà ti dé. Omi ń dà lójú bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n ń wò mí. Àwọn èèyàn ní omi ayọ̀ ni, ẹnì kan sì ní kí wọ́n dá ibi wèrè yẹn padà, káwọn tún wò ó.

Wọ́n dá a padà.