Ó Ta Ọ̀pẹ, Ó Ra Ìpín

Àlàó Ọ̀kín, ọkọ mi. Ọmọ ọlọ́pẹ tí epo rẹ̀ ń kí àlejò kí onílé tó jáde. A-wa-mọ́tò-epo-má-jẹ̀ẹ́-kí-iná-gbọ́. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kì í nìyẹn. Èmi náà ń kì í bẹ́ẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí inú mi ò dùn sí i.

Epo bẹntiróòlù ló gbé kiri títí ó fi darúgbó. Òógùn mọ́tò yẹn ló fi ra oko ọ̀pẹ wa lọ́nà Akínmọ̀rín. Ibẹ̀ ni ẹbu mi wà, níbi tí mo ti ń fún epo pupa tí mò ń tà. Mi ò ní iṣẹ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ṣàlàyé fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé èèyàn lè ra ìpín nínú iléeṣẹ́ epo. Bí iléeṣẹ́ bá jèrè, ẹ ó jẹ ńbẹ̀. Bí ó bá ṣòfò, ẹ jọ ṣòfò ni. "Ẹ má kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní sí i o," ló wí. Àlàó nawọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá rà á, ṣé wọ́n á máa ṣe ẹ̀dínwó fún mi nílé epo?"

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló pẹ́ jù.

Nígbà tá a délé, mo bi í pé, "Ta ló ń ta ìpín tẹ́ ẹ fẹ́ rà?"

"Ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ ni."

"Kí ló wá dé tó ń tà á?"

"Obìnrin yìí, ẹnu ẹ mú ju àdá lọ."

Ṣùgbọ́n ó gbọ́. A fẹnu kò sí i pé èrè epo pupa ọdún yẹn nìkan la máa fi rà á. Ọ̀pẹ ò níí kúrò lọ́wọ́ wa.

Àfi ìgbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n. Àlàó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ tò sílé epo kan n'Ílọràá. Àbúrò rẹ̀ gun ọ̀kadà dé, ó pariwo: "Ẹ yà fún un! Ẹ ò mọ̀ pé onílé epo ló ń tò yìí?"

Àwọn tó wà lórí ìlà gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Alága, ẹ kú ìnáwó o!" "Ẹ bu tiwa sí i o, ọ̀gá!"

Àbúrò wá sún mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, ìpín kì í ṣe ohun à ń rà. Ọ̀run la ti ń yàn án. Dẹ́rẹ́bà lẹ̀yin yàn. Ṣé epo pupa lẹ wá fẹ́ fi pààrọ̀ ẹ̀?"

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo ló gbé wálé. "Gbogbo ọ̀pẹ yẹn ni màá tà. Ojú wọn á rí mi."

Mo kúnlẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Alágbàtà kan láti Jọbẹlẹ ló bá a tà á. A ò fojú kan ẹni tó rà á. Iléeṣẹ́ epo kan ṣoṣo ni Àlàó kó gbogbo owó náà sí.

Mo padà lọ kó ìkòkò mi ní ẹbu. Àbúrò rẹ̀ ni mo bá lábẹ́ ọ̀pẹ, tó ń nàka sí ìdì ẹyìn tí wọ́n máa bẹ́. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ ni mò ń pè é. Mo kúnlẹ̀ fún un nínú ẹrọ̀fọ̀.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ rà á?"

"Ìyàwó, dìde. Ìpín tèmi rèé."

Mo sọ fún Àlàó. Kò bínú. Ó kàn bi mí bóyá àwọn ọ̀pẹ tó wà létí odò ṣì ń so dáadáa. Láti ìgbà náà, rédíò nìkan ló ń tẹ́tí sí, bóyá wọ́n á dárúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rédíò yẹn la bá òkú rẹ̀.

Ìpín ò ṣe é dà sínú ìkòkò ọbẹ̀. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ogún ní kóòtù ná ká tó lè tà á. Àbúrò rẹ̀ ló gbé epo pupa wá, epo ọ̀pẹ wa, ó sì gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ìyàwó," ó ní, "mo ti ṣe ẹ̀dínwó fún ẹ o."

Òun la fi se oúnjẹ ìsìnkú. Ọjọ́ Ẹtì la sin Àlàó, sẹ́yìn ilé, n'Ílọràá.