Bí Sọ̀fíyàt Ṣe Kúrò Nínú Kíláàsì Sítátísíìkì

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù Sọ̀fíyàt dún lórí tábìlì ìránṣọ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Híjáàbù funfun mẹ́rin ló kù tí kò tí ì ṣẹ́ etí wọn. Ó fi fóònù há àárín etí àti èjìká, ó ń tẹ máṣíìnì lọ.

“Àǹtí Sọ̀fí, níbo lẹ wà?” Ọpẹ́yẹmí ni, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jókòó ní ìlà kan náà ní yunifásítì. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó fẹ́ ṣàwàdà.

“Ṣọ́ọ̀bù ni. Kí ló dé?”

“Wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn tí ò ní lè ṣe ìdánwò Sítátísíìkì mọ́ bọ́ọ̀dù. Àwọn tí ò wá sí kíláàsì tó. Orúkọ yín ló ṣìkejì.”

Sọ̀fíyàt rẹ́rìn-ín. “Èmi ò sí nínú kọ́ọ̀sì yẹn mọ́ kẹ̀. Mo ti kúrò ńbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹrin.”

“Ẹ ti kúrò? Ta ló bá yín buwọ́ lu fọ́ọ̀mù?”

“Fọ́ọ̀mù kí ni? Bàbá wa fúnra wọn ló mú mi lọ bá olùkọ́. Ó gbà fún wa, ó tún ṣàdúrà.”

Ọpẹ́yẹmí bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ mú bàbá lọ dágbére fún lẹ́kítọ̀rà! Àǹtí, ẹ fẹ́ pa mí!” Lójijì, ẹ̀rín náà dá. “Ẹ gbọ́ o. Òní ni òpin fífi kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ọ́fíìsì àkọsílẹ̀. Tí fọ́ọ̀mù yín ò bá débẹ̀, F ni wọ́n máa kọ síwájú orúkọ yín.”

Máṣíìnì dákẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Sọ̀fíyàt, ọmọ agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ìyá ọmọ kan. Iṣẹ́ télọ̀ ló kọ́ kó tó ronú kan yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe ìdánwò àṣewọlé kí wọ́n tó gbà á láti kọ́ ìmọ̀ olùkọ́ni, nígbà tó sì wọlé, ó rò pé òkè tó le jù lòun gùn tán yẹn. Ṣùgbọ́n ní sáà tó kọjá, àìsàn dá ìyá rẹ̀ wó. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Sọ̀fíyàt fi sùn lórí ìjókòó ilé ìwòsàn. Ìyá gbádùn, àmọ́ máàkì ọmọ ti wálẹ̀, yunifásítì sì fi í sábẹ́ ìkìlọ̀.

Òfin ìkìlọ̀ ibẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Ẹni tó bá wà lábẹ́ rẹ̀, tó tún gba F kan ṣoṣo ní sáà tó tẹ̀ lé e, ilé ni yóò máa lọ. W yàtọ̀. Ẹni tó bá gba W kò yege, kò sì kùnà. Ó kàn fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní àsìkò tí òfin gbà ni. Kò ní gba yúníìtì kankan lórí rẹ̀, kò sì ní fa máàkì rẹ̀ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n yóò padà wá ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀hún lọ́dún mìíràn.

Nígbà tí Sọ̀fíyàt gba mẹ́rin nínú ọgbọ̀n nínú ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní Sítátísíìkì, ó mọ̀ pé kí òun tètè jáwọ́ níbẹ̀ ló dára. Ọ̀nà tó mọ̀ ló sì gbà. Nínú iṣẹ́ ọwọ́ tó tọ́ ọ dàgbà, ọmọṣẹ́ kì í dédé pa ọ̀gá tì. Bó bá fẹ́ kúrò láìtíì gba fìríìdọ̀mù, yóò wá àgbà kan tí yóò bá a lọ. Àgbà náà ni yóò ṣí fìlà, tí yóò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá yóò gbọ́, yóò súre, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ẹni tó bá tún béèrè ìwé lẹ́yìn tí àgbà ti sọ̀rọ̀, ó ti tàbùkù àgbà náà.

Bàbá Màmúdù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń ran fìlà ní Bẹ́yẹrúnká, ló bá a lọ. Bàbá ṣí fìlà ní ọ́fíìsì Ọ̀mọ̀wé Ọládiípọ̀. “Dọ́kítà,” ló wí, “ọmọ wa yìí fẹ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ yín kò burú. Orí rẹ̀ ni kò tíì gbé e.” Ọ̀mọ̀wé dìde dúró fún àgbà, ó ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá. Ọlọ́run á tì í lẹ́yìn.” Wọ́n ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà ni Sọ̀fíyàt kò ti dé kíláàsì yẹn mọ́, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ní báyìí, wákàtí tó kù kò pé márùn-ún mọ́.

Ó pe Bàbá. Ìyá Waliyat, ìyàwó Bàbá, ló gbé e. “Wọ́n ti lọ sí mọ́sálásí Ọjà'ba. O mọ̀ pé iwájú ni wọ́n máa ń jókòó. Wọ́n fi fóònù sílé.”

Sọ̀fíyàt dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù. Bó bá dúró de Bàbá, aago méjì ààbọ̀ ni wọn yóò fi kírun tán. Bó bá dá lọ, òun ni yóò jẹ́ ọmọ tó gba ẹ̀yìn àgbà lọ tún ọ̀rọ̀ àgbà sọ.

“Ẹ bá mi sọ fún wọn,” ló wí, “pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá Dọ́kítà sọ kò tíì dé ọ̀dọ̀ yunifásítì. Ìwé ni wọ́n ń béèrè, aago mẹ́rin ló parí. Mo ti ń lọ síbẹ̀.”

“Kò dé ọ̀dọ̀ wọn báwo? Ọ̀rọ̀ Bàbá ẹ?”

“Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mà.”

Ó wọ táksì ní Bẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n máa fi súnmọ́ Agodi, ọkọ̀ ti di ojú ọ̀nà pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń jáde lọ kírun, kálukú ń fọn fèrè. Sọ̀fíyàt sọ̀ kalẹ̀, ó gun ọ̀kadà. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé yunifásítì. Ọpẹ́yẹmí ti gba fọ́ọ̀mù dè é. Ibi mẹ́ta ni wọn yóò ti fọwọ́ sí i: ọ̀dọ̀ olùkọ́, ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́, àti ọ́fíìsì àkọsílẹ̀.

Olùkọ́ kò sí ní ìjókòó. Ó wà nínú ìpàdé. Aago méjì lù, kò tíì dé. Sọ̀fíyàt ń wo ilẹ̀kùn náà bí ẹni pé ojú òun ló máa ṣí i. Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Ọ̀mọ̀wé Ọládiípọ̀ tó yọ, tó rí i lórí ìkúnlẹ̀.

“Ṣé o ò tíì gba fọ́ọ̀mù láti ọjọ́ yẹn?”

“Sà, ẹ ní ẹ ti gbọ́.”

“Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n etí mi kọ́ ni kọ̀ǹpútà yunifásítì.” Ó gba fọ́ọ̀mù, ó ń wá gègé káàkiri tábìlì, kò sì wo ojú rẹ̀. “Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni. Bí bàbá yẹn ṣe dúró tí wọ́n ṣí fìlà fún mi, mi ò tiẹ̀ rántí fọ́ọ̀mù.” Ó buwọ́ lù ú. “Sáré.”

Ìyáàfin Ọmọ́tọ́lá, olùdámọ̀ràn, jẹ́ obìnrin tó máa ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ka fọ́ọ̀mù, ó ṣí fáìlì Sọ̀fíyàt, ó fi gègé tọ́ka sí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló gbé gègé sílẹ̀.

“Yúníìtì mẹ́tàdínlógún lo kọ orúkọ sílẹ̀ fún. Tí a bá yọ mẹ́ta Sítátísíìkì kúrò, ó ku mẹ́rìnlá. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni èyí tó kéré jù tí òfin gbà. Mi ò lè buwọ́ lù ú.”

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú kọ́ọ̀sì kékeré kan kún un.”

“Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n ti parí ìyẹn.”

Sọ̀fíyàt kò sunkún. Ó wo aago ara ògiri. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjìlá. Obìnrin náà fa ìwé òfin yunifásítì yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ ojú ìwé lọ. Ó kọjá ojú ìwé kan, ó padà sí i.

“Ó wà níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lábẹ́ ìkìlọ̀ lè ṣe mẹ́rìnlá péré, tí alágbàtọ́ rẹ̀ tó wà nínú fáìlì bá wá fúnra rẹ̀, tó sì fọwọ́ sí i lójú mi. Ta lo kọ sílẹ̀ ní alágbàtọ́?”

“Bàbá Màmúdù ni, mà.”

“Àwọn dà?”

Bó ṣe jáde síta ló tún pe fóònù Bàbá. Ó dún títí, ó dá. Ó tún un pè. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ọpẹ́yẹmí rọra sún mọ́ ọn. “Àbí kí n lọ wá fìlà dé, kí n wọlé lọ jẹ́ Bàbá?”

Sọ̀fíyàt ń wo ẹnu ọ̀nà ọgbà. Aago mẹ́ta lù. Ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọkùnrin kan ń gbálẹ̀ kọ́rídọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ń múra àtilọ sílé. Ó kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ọ̀kadà kan wọ ọgbà. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wọ jalamíà funfun, ó fi ọwọ́ kan di fìlà mú kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Kí ọ̀kadà tó dúró dáadáa ni Bàbá Màmúdù ti sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀.

“Ọkùnrin náà dà? Ó ní òun gbọ́, àbí kò gbọ́? Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ fún un, èmi náà ni yóò dá a padà fún.”

Ó ti kọjú sí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì Ọládiípọ̀. Sọ̀fíyàt sáré lọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú oòrùn.

“Bàbá, ó gbọ́. Ó jẹ́wọ́ ẹ̀. Ó ti ṣe tiẹ̀. Yàrá tọwọ́ ọ̀tún yẹn ni wọ́n ti ń retí yín.”

“O ò lè dúró dè mí?”

“Mo jẹ̀bi, Bàbá. Tó bá dọ̀la kí ẹ bá mi wí dáadáa. Ẹ jẹ́ ká tètè wọlé ná.”

Bàbá wo orí ọmọ tó wà nílẹ̀ yìí. Ó kùn nínú imú, ó sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún.

Ṣùgbọ́n kò fẹ́ fọwọ́ sí ohun tí kò yé e. Ó ní kí Ìyáàfin Ọmọ́tọ́lá ka fọ́ọ̀mù fún òun ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Obìnrin náà kà á: pé akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀, pé W ni wọn yóò kọ, pé kò ní yúníìtì, pé yóò padà wá ṣe é.

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ ẹ,” Bàbá bi Sọ̀fíyàt, “àbí wọ́n lé ọ?”

“Èmi ni mo fẹ́ ẹ, Bàbá.”

“Ó dáa. Ẹ fún mi ní gègé.”

Lárúbáwá nìkan ni Bàbá mọ̀ ọ́n kọ. Láti ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ sí etí fìlà, ó ń dúró, ó ń wò ó, ó tún ń fà á lọ. Nígbà tí Ìyáàfin Ọmọ́tọ́lá fi buwọ́ lu tirẹ̀, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Sọ̀fíyàt já fọ́ọ̀mù gbà, ó sá jáde. Kò rántí kí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gbẹ́ni Hezekiah, akọ̀wé ọ́fíìsì àkọsílẹ̀, ti mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. “A ti ń tilẹ̀kùn o.”

“Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, sà!”

Ó wo aago tirẹ̀, ó kùn, ó gba fọ́ọ̀mù. Ó tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó dé ibi ìfọwọ́sí alágbàtọ́, ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. “Kí nìyí?”

“Orúkọ Bàbá mi ni, sà. Lárúbáwá ni.”

“Ta ló máa kà á fún mi? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà lo kọ síbẹ̀?”

“Èmi ni n ó kà á.” Bàbá Màmúdù ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fọwọ́ ti férémù ilẹ̀kùn. “Màmúdù, ọmọ Abdulmumin, ará Ìsàlẹ̀ Òsì. Ó kù kí o tún bi mí bóyá èmi ni.”

Hezekiah rẹ́rìn-ín láìfẹ́. “Ẹ má bínú, Bàbá. Fìlà yẹn tó fún mi.” Ó wo orúkọ tó wà nínú fáìlì, ó fi òǹtẹ̀ lu fọ́ọ̀mù, ó sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Sọ̀fíyàt kò kúrò lẹ́nu kàǹtà. “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i.”

Akọ̀wé yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Sítátísíìkì ló wà níbẹ̀, W sì wà níwájú rẹ̀. Sọ̀fíyàt kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ọdún tó ń bọ̀ lo máa tún un ṣe,” ni Hezekiah wí. “Ó máa fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ rẹ.”

“Mo mọ̀, sà.”

Nígbà tí wọ́n bọ́ síta, Bàbá jókòó sórí pèpéle, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún. Inú rẹ̀ kò tíì rọ̀ tán. Ó hàn lójú rẹ̀, Sọ̀fíyàt kò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn dà á láàmú. Ọ̀la ni yóò lọ tọrọ àforíjì ní Bẹ́yẹrúnká.

Kọ́ọ̀sì márùn-ún ló kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù sí ìdánwò, F kan ṣoṣo nínú wọn ṣì lè lé e lọ sílé. Ó jókòó ti Bàbá, ó sì na ọwọ́ sí Ọpẹ́yẹmí.

“Mú nóòtì kíláàsì ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo pàdánù wá,” ló wí. “Ibo lẹ bá a dé?”