Ọjọ́ tí Jídé Gbá Pẹnáritì fún Wa

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí Jídé, ọmọ kíláàsì wa tí kò ríran, gbá pẹnáritì fún wa ní Ìbàfọ̀.

Àwọn ọmọ ilé-ìwé kan láti Mówè ló wá bá wa gbá bọ́ọ̀lù. A ta ọ̀mì, ni wọ́n bá ní kí á gbá pẹnáritì. Nígbà tí ó ku ẹyọ kan tí a ó fi borí, Jídé nawọ́.

Ó sọ fún tíṣà wa pé, "Anti Bísí, ẹ jẹ́ kí n gbá a."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n nà wá ni?" Ṣẹ́gun, kápútẹ̀ẹ̀nì wa, pariwo.

Anti Bísí yíjú sí Jídé, wọ́n bi í pé, "Báwo ni kí á ṣe ràn ọ́ lọ́wọ́?"

"Kí ẹnì kan máa pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn àwọ̀n, màá mọ ibi tí ó wà."

Mo sáré lọ síbẹ̀, mo ń pàtẹ́wọ́. Gbogbo pápá dákẹ́ rọ́rọ́. Jídé fi ẹsẹ̀ wá bọ́ọ̀lù, ó sún sẹ́yìn, ó sì gbá a bí ààrá! Aṣọ́lé wọn fò sókè, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o.

"Ṣé ó wọlé?" Jídé ń béèrè.

"Ó wọlé o!" Ṣẹ́gun gbé e sọ́rùn, gbogbo wa ń fò.

Láti ọjọ́ náà, bí a bá fẹ́ pín ẹgbẹ́, Jídé ni Ṣẹ́gun kọ́kọ́ máa ń mú.