Ohun Tí Verna Maddock Kò Gbọdọ̀ Sọ

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Verna Maddock ti fi jókòó sídìí fèrèsé kan náà ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Marlow Point, létí adágún Erie. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le: kó gbàwé, kó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kó kí èèyàn pé ó dàbọ̀. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe ló le. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára gíláàsì iwájú rẹ̀: A KÌ Í GBANI NÍMỌ̀RÀN LÓRÍ ÒFIN. Bí akọ̀wé bá rí i tí èèyàn ń rìn lọ sínú kànga, kó ṣáà máa wò ó.

Ọmọ apẹja ni Verna, kò sì sí dídákẹ́ nínú ẹbí wọn. Ìyáàfin Orcutt ló kọ́ ọ ní dídákẹ́. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni obìnrin yìí wá, ẹni tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ nítorí pé ó ti dàgbà, ó ní ọjọ́ wo ni àǹfààní òun láti pẹjọ́ máa dópin. Àánú rẹ̀ ṣe Verna. Ó ka ọjọ́ lórí ìka, ó ní, "Ẹ ṣì ní títí di ọjọ́ Ajé, mà." Àṣé ọjọ́ Ẹtì ni. Adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Ìyáàfin Orcutt kò bú u, ó kàn wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Verna kọ nọ́ńbà ẹjọ́ yẹn sórí bébà pélébé, ó fi sínú àpótí tábìlì rẹ̀, ó sì ń rí i ní gbogbo òwúrọ̀ tó bá fẹ́ mú bírò.

Ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlè, yìnyín ń bọ́, aago mẹ́rin ti lù nígbà tí bàbá kan tiro wọlé. Emil Kostelnik ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀ fún un.

"Ìyáàfin, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sí i. Kíákíá, ẹ jọ̀ọ́. Òní ló pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n fún mi láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn."

Verna ṣí ìwé náà. Ọmọbìnrin Emil ló kú nígbà tí ewé ń wọ́, ó fi Lottie sílẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún tí kò tíì gbé ibòmíràn rí yàtọ̀ sílé bàbá àgbà yìí. Adájọ́ kóòtù ìpínlẹ̀, lódìkejì títì, ló wá pàṣẹ pé kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sí Texas, sọ́dọ̀ àǹtí kan tó fojú kàn án lẹ́ẹ̀mejì péré.

"Mo gbé wọn wá sọ́dọ̀ ọ̀gá wọn," ni Emil wí, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ilé òdìkejì. "Ẹ̀yin lẹ ga jù. Ẹ̀yin lẹ ó pàṣẹ fún wọn."

Ìdajì ìlú ló gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni bàbá, ti ìpínlẹ̀ ni ọmọ. Irọ́ gbuu. Ọbàkan ni wọ́n, kálukú ló ní ìyẹ̀wù tirẹ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè pín iṣẹ́ fún wọn, ìpínlẹ̀ sì ní òfin tirẹ̀ àti adájọ́ àgbà tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò tọ́mọ, ti ìpínlẹ̀ ni. Bí Verna bá lu òǹtẹ̀ yìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta adájọ́ ìjọba àpapọ̀ yóò ní ẹjọ́ náà kì í ṣe tàwọn. Nígbà yẹn, ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá lódìkejì, Lottie ti wà ní Texas. Verna kò sì láṣẹ láti kọ̀ láti gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ẹ fẹ́ lù ú ni àbí ẹ̀ ń gbàdúrà sí i?"

"Bàbá, ṣé ó dá yín lójú pé ibí lẹ fẹ́ kó o sí?"

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi. Àbí ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ?"

Ọ̀gbẹ́ni Haldane, ọ̀gá ọ́fíìsì, gbójú sókè níbi tábìlì rẹ̀.

"Mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn," ni Verna wí.

"Ta ló béèrè ìmọ̀ràn? Òǹtẹ̀ ni mo béèrè!"

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n ń ti fèrèsé lódìkejì. Verna gbé òǹtẹ̀, ó rí ojú Ìyáàfin Orcutt kedere lọ́kàn rẹ̀. Bó bá tún ṣìnà ńkọ́? Ó gbé òǹtẹ̀ kalẹ̀. Ó fa ìwé àṣẹ adájọ́ jáde láàárín àwọn ìwé náà, ó tì í padà síwájú bàbá.

"Ẹ bá mi ka ìlà tó kẹ́yìn, Bàbá. Sókè."

"Ẹ ò lójú ni?"

"Mo ní. Tiyín ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi kà á."

Emil kùn, ó yọ awò ojú kan tí wọ́n fi téèpù lẹ̀ lápá kan. "Láìsí nǹkan yìí, afọ́jú ni mí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "'Ẹni tí ìdájọ́ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn... nípa fífi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù yìí... láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.'" Ó tún ìlà náà wò. "Kóòtù yìí. Kóòtù wo ni yìí?"

Ìka Verna rọra lọ sí òkè ìwé náà, níbi tí orúkọ kóòtù ìpínlẹ̀ wà, ó dúró síbẹ̀.

Emil wò ó. Ó wo òdìkejì títì. "Yéè! Ọ̀hún ni!" Ó gbá àwọn ìwé rẹ̀ jọ mọ́yà, ó sì tiro jáde.

Verna mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ló rí awò ojú tó wà lórí káńtà.

Ó mọ̀ pé wọ́n máa fún bàbá náà ní fọ́ọ̀mù lọ́hùn-ún, àti pé akọ̀wé ibẹ̀ náà kò gbọdọ̀ bá a kọ ọ́. Ọgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ dá, tó mú bàbá yìí yọ awò ojú níbí, ló fẹ́ pa á lára.

"Ìyáàfin Maddock!" Ọ̀gbẹ́ni Haldane ti dìde. "Ẹ ò gbọdọ̀ fi fèrèsé sílẹ̀ ṣáájú aago mẹ́rin ààbọ̀!"

Verna ti mú awò ojú náà, ó ti dẹ́nu ọ̀nà. Kò wọ ẹ̀wù òtútù, bàtà pẹlẹbẹ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ kan fun fèrè mọ́ ọn láàárín títì, ó kọjá. Lẹ́nu ọ̀nà kóòtù ìpínlẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irin lára èèyàn ké.

"Ẹ bọ́ bẹ́líìtì, mà," ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí.

"Rudy, o mọ̀ mí! A jọ ń jẹun ọ̀sán!"

"Mo mọ̀ yín dáadáa. Ẹ bọ́ bẹ́líìtì."

Ó fà á já kúrò ní ìdí, ó sì sáré.

Emil dúró níwájú fèrèsé, ó na fọ́ọ̀mù jìnnà sójú, omi ti lé sí i lójú. "Mi ò lè bá yín kọ ọ́, sà," ni ọ̀dọ́mọbìnrin ibẹ̀ ń wí. "Wọn ò gbà wá láyè." Verna gbé awò ojú náà síwájú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Emil wọ̀ ọ́, ó kọ orúkọ, ó kọ nọ́ńbà, inki bírò tán, ó gba òmíràn, ó fọwọ́ sí i. Òǹtẹ̀ dún. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gbọ̀n.

"Ṣé Lottie ò ní lọ mọ́?" ni Emil béèrè.

"Mi ò lè sọ, Bàbá," ni Verna wí. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni, kò mọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Haldane ti kọ ìwé ìkìlọ̀ sílẹ̀ kí Verna tó padà dé. "Ṣé ẹ gbà á nímọ̀ràn?"

"Rárá, sà. Òun ló kàwé fún mi."

Ọ̀gá ti ìwé ìkìlọ̀ náà sí i. "Ẹ fọwọ́ sí i."

Verna fọwọ́ sí i, ó ṣí àpótí tábìlì láti kó o sí. Bébà pélébé yẹn wà níbẹ̀. Ó mú un, ó rò pé bóyá ó ti tó àkókò láti fà á ya. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sáré kọjá títì fún Ìyáàfin Orcutt. Ó gbé e padà sórí ìwé ìkìlọ̀ náà, ó sì ti àpótí.